Kí Òfin Má Jẹ́ Ti Olówó Nìkan: Ohun Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kan Ṣe Ní Èkó, àti Ohun Tí Ó Kù Fún Wa Láti Ṣe

Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ìwé kan báyìí tí ìyá àgbàlagbà kan dì sí etí aṣọ rẹ̀ tó gbé wá bá wa ní ìpàdé.

Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ìwé náà ń sọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ní kó tẹ̀ka sí i. Wọ́n ní ìwé tí yóò dáàbò bo ilẹ̀ náà ni, kí ìjọba má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ iléèwé kan nínú wa kà á sókè, a sì gbọ́ ọ pé ìyá ti ta ilẹ̀. A bi í pé, "Màmá, ta ló ka ìwé yìí fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka?" Ó ní, "Ẹni tó rà á náà ló kà á fún mi."

A mú ìyá lọ sí Kútọnu, a lọ rí avocat kan. Owó tó kọ́kọ́ béèrè, kó tó ṣí fáìlì rárá, ju iye tí wọ́n kọ sínú ìwé pé wọ́n fi ra ilẹ̀ náà lọ. A kò bá a jà o. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe, ó ń san owó ilé, ó ń san owó akọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń bọ̀ wálé, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá nìkan ló ń tẹnu mọ́ ọ pé òun kò ta ilẹ̀, pé òun kò ta ilẹ̀, bí ẹni pé àwa la jẹ́ adájọ́.

Irú ìyá yìí pọ̀ láàárín wa, láti Kétu dé Pobè, láti Sábẹ̀ẹ dé Ìdáàṣà, títí dé ẹ̀yìn Àjàṣẹ́ níbi tí àwọn tó ń wá ilẹ̀ ra ti ń ya wọlé lójoojúmọ́. Ohun tó mú wa fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní òdìkejì ẹnubodè nìyẹn, ẹni tó rí irú ìṣòro yìí tí kò sì fi í sílẹ̀ sínú ìwé tó fi ń kọ́ni.

Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ náà nítorí pé ó ṣe igbákejì ààrẹ Nàìjíríà láti 2015 sí 2023. Kì í ṣe igbákejì ààrẹ la fẹ́ sọ. Ìjọba yẹn ní tirẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. A kò ní bá wọn dá sí i. Ọ̀ṣínbàjò tí a fẹ́ sọ ni olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi àwòrán rẹ̀ sára ògiri.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1957, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ní Rẹ́mọ. Ó kàwé òfin ní Yunifásítì Èkó, ó tún lọ sí London School of Economics, ó sì padà wá ní 1981 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì tí òun náà ti jáde. Láti 1988 sí 1992, ó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ẹni tó wá lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní òfin ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ohun tó ń kọ́ni, nítorí pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin ẹ̀rí ni. Kí ni adájọ́ lè gbà gbọ́? Ta ló lè jẹ́rìí? Ìwé wo ló wúlò, èwo ni kò wúlò? Bí ẹnì kan bá sọ pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣé ẹ̀rí nìyẹn? Ibi tí àwa ti ń ṣubú gan-an nìyí. Nílé wa, ẹ̀rí ilẹ̀ ni pẹ̀rẹ̀gún tí bàbá gbìn sí ààlà, ni ojúbọ tó wà lábẹ́ igi, ni sàréè, ni àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi orógbó àti obì pín in. Ẹ̀rí gidi ni o, a kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ á kọ́kọ́ hú pẹ̀rẹ̀gún. Á dúró kí àgbàlagbà kú. Lẹ́yìn náà ló máa fa ìwé yọ, ìwé tó ní òǹtẹ̀, tó ní ọjọ́, tó ní ìka ìyá wa. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́ tí kò gbọ́ èdè wa, èwo lẹ rò pé yóò wúwo jù?

Ẹni tó fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní irú nǹkan báyìí kò lè máà mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ nìkan ló ń borí ní kóòtù. Ẹni tó ní agbẹjọ́rò tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé òótọ́ kalẹ̀ ló ń borí.

Ní 1999, nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, gómìnà Èkó, Bọ́lá Tinúbú, mú un kúrò nínú kíláàsì, ó fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀, títí di 2007. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ yẹn ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń kí i.

Ẹ gbọ́ nǹkan méjì tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Bí onílé bá ń lé ayálégbé lóru, bí ẹnì kan bá jẹ ìyá oníṣòwò lówó tí kò san, bí ọ̀gá bá kọ̀ láti san owó oṣù, bí bàbá bá kọ̀ láti bọ́ ọmọ tó bí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á lọ síbẹ̀. Kò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé pe ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì á jókòó níwájú ẹni tó kọ́ nípa ìlàjà, wọ́n á sọ tẹnu wọn, bí wọ́n bá sì gbà, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí baálẹ̀ ń ṣe lábẹ́ igi ni? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tọ̀túntòsì sì mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Tiwa, ẹnu ló ń parí sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan á ní òun kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú, tí àwọn ará Èkó ń pè ní OPD. Ní 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba gba àwọn agbẹjọ́rò síṣẹ́, ó ń san owó oṣù wọn, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó rò. Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìjọba kan náà tó gbé ènìyàn lọ sí kóòtù ló tún ń san owó ẹni tó máa bá a jà ní kóòtù. Ọ̀pọ̀ ìjọba kò lè gbà bẹ́ẹ̀.

A ní láti sọ òótọ́ pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú pé kí tálákà ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́. Chimezie Ikeazor, agbẹjọ́rò ọmọ Ìgbò kan, ti jà fún un tipẹ́, akitiyan rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé Legal Aid Council kalẹ̀ ní 1976. Ohun tí Ọ̀ṣínbàjò fi kún un ni pé ó mú un wá sí ìpínlẹ̀, ó so ó mọ́ ilé ìlàjà, ó sì tún òfin tó yí i ká ṣe. Nínú òfin ẹjọ́ ọ̀daràn tí Èkó ṣe ní 2007, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀yin tí wọ́n ti mú ìyá yín nítorí àbúrò yín tó sá lọ, ẹ̀yin lẹ mọ bí gbólóhùn kan yẹn ṣe wúwo tó. Òfin kan náà tún sọ pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n fi fídíò gbà á sílẹ̀, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀.

Ó tún gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórúkọ Èkó, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó lókìkí jù ni ti 2004, nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti dí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Àwọn adájọ́ sọ pé ààrẹ kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò fún Èkó ní gbogbo ohun tó béèrè, wọ́n ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tó dá sílẹ̀ kò tíì pé lábẹ́ òfin. Ààrẹ pàápàá kò tètè tú owó náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ìdájọ́ wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

A kò fẹ́ sọ ọ́ di òrìṣà. Àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ṣì kún ọgbà ẹ̀wọ̀n Èkó títí di òní. Ọ́fíìsì tí ìjọba ń bọ́ lè rọ lọ́jọ́ tí ìjọba kò bá fẹ́ràn ẹjọ́ tó gbà. Àwa náà sì bi ara wa léèrè pé, bí gómìnà kò bá pè é ńkọ́? Ṣé yóò ṣì máa kọ́ni lórí ẹ̀rí títí di òní ni, tí ìyá oníṣòwò yóò sì máa sunkún lẹ́yìn yunifásítì? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí nílò ẹni tó mọ òfin, ó sì nílò ẹni tó lágbára tó gbà á láyè.

Ẹ jẹ́ ká wá wálé.

Kì í ṣe pé a kò ní nǹkan kan ní Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí a ní la kò mọ̀. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990, tó jáde látinú àpérò ńlá tí gbogbo wa rántí, sọ ní ìlà kẹta pé ọmọ ilẹ̀ yìí èyíkéyìí lè gbé òfin tàbí ìṣe ìjọba tó lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ lọ síwájú Cour constitutionnelle ní Kútọnu. Kò di dandan kó ní avocat. Kò ní sanwó. Ìwé lásán ló máa kọ, kó fi orúkọ rẹ̀ sí i àti ibi tó ń gbé gan-an, kó sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, ìka rẹ̀ tó. Ẹ gbọ́ o: ìka tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wa, ìka kan náà lè dé iwájú adájọ́ tó tóbi.

A kò ní tan yín. Ilé ẹjọ́ yẹn kì í pín ilẹ̀, kò sì ní bá ìyá gba oko rẹ̀ padà. Kóòtù mìíràn ló ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà 18 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kọjá wákàtí 48 àfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti tì mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìjà màlúù àti oko, tí a lọ ń bẹ ọ̀gá níbẹ̀, tí à ń dá owó jọ, tí a kò sì mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn wa? Ilé ẹjọ́ yẹn náà ló sọ ní 1996 pé ìwé àṣà tí àwọn Faransé ṣe ní 1931, Coutumier du Dahomey, èyí tó ka obìnrin mọ́ ogún tí wọ́n ń pín, kì í ṣe òfin mọ́. Lójú tiwa, àwọn òyìnbó ló kọ ọ́ pé àṣà wa nìyẹn. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi í dẹ́rù ba opó.

Àwọn kan nílẹ̀ wa ń ṣe irú iṣẹ́ Ọ̀ṣínbàjò o. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, AFJB, tí Grace d'Almeida tó di mínísítà ètò ìdájọ́ wa ní 1995 wà lára àwọn tó ṣáájú níbẹ̀, ti ń la àwọn obìnrin lójú nípa ẹ̀tọ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin wa tún fàyè gba ilé ẹjọ́ ìlàjà, tribunal de conciliation, láti parí ọ̀rọ̀ láìdé kóòtù ńlá. Ohun tó kù ni kí nǹkan wọ̀nyí dé abúlé, kí wọ́n sì dé ní èdè tí ìyá gbọ́.

Ìdí nìyí tí àwa ìgbìmọ̀ fi gbé àbá kan kalẹ̀ fún ìpàdé tó ń bọ̀. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kó bọ́ sí ọjọ́ ọjà kí àwọn ará oko lè wá, nígbà tí àwọn tó mọ òfin nínú àwọn ọmọ wa á jókòó láti ka ìwé fún ẹni tó bá gbé ìwé wá. Kíkà lásán la kọ́kọ́ fẹ́. Kí wọ́n kà á ní Faransé, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni náà mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ òfin ní Abomey-Calavi pọ̀. A tún ní àwọn akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń ta ayò. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán la máa fún wọn. Ẹjọ́ tó bá kọjá agbára wọn, a ó wá bí a ó ṣe dá owó avocat rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ kí a má baà fi owó dá ara wa lẹ́rù.

Ẹ̀yin baálẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ló wá le jù, a ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lórí ìwé ìyá wa, òǹtẹ̀ olóyè kan wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. A lọ kí bàbá náà. Wọ́n ní àwọn kò ka ìwé náà, pé àwọn fi òǹtẹ̀ sí i nítorí pé ẹni tó gbé e wá mú ọtí àti obì wá bó ṣe yẹ. A gbà pé wọn kò fẹ́ ibi. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn ni agbẹjọ́rò ẹni tó rà á máa kọ́kọ́ gbé jáde. A bẹ̀ yín, ẹ má fi òǹtẹ̀ sí ìwé tí ẹnì kan kò tíì kà ní Yorùbá níwájú ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka, kí ẹni tó kà á má sì jẹ́ ẹni tó ń rà. Kí ààfin kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé ńlá kan tí wọ́n á máa kọ ìlàjà sí: orúkọ, ọjọ́, ààlà, àwọn tó wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní a fẹ́ gba ìjókòó ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, tàbí pé owó ìtanràn àti obì á dínkù. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé, kó má sọ ọ́ lẹ́yìn. Ó dá wa lójú pé baálẹ̀ tí ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ni kóòtù á máa bọ̀wọ̀ fún, nítorí adájọ́ á rí nǹkan kà.

Ìyá ṣì ń dúró. Akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì ti bá wa wo ìwé náà, ó sì rí i pé ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá èyí tó wà lójú ilẹ̀ mu, pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ti kú ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Ó bá wa kọ ìwé lọ sí kóòtù. Kò gbowó. Ìyá fún un ní iṣu mẹ́ta, ó gbà á.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń kọ́ òfin, tàbí tó ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù rí, kó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní orúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹni tó bá sì ní ìwé nílé tí wọn kò tíì kà fún un, kó mú un dání wá.